Ìbéèrè àti ìdáhùn nípa iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mò ń ṣe lórí Wikipedia

Àwọn tó bá rí orúkọ mi nínú ìtàn àtúnṣe àyọkà kan máa ń béèrè ohun tí mò ń wá níbẹ̀, ìdí tí mo fi yọ gbólóhùn kan kúrò, tàbí bí àwọn náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ jù jọ síbí. Àwọn ìdáhùn kò gùn bákan náà, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ènìyàn kò lè fi gbólóhùn méjì parí.

Ta ló ni Wikipedia, ta ló sì ń kọ ọ́?

Jimmy Wales àti Larry Sanger ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti wà lẹ́nu ìwé ìmọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Nupedia, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ àyọkà kọ̀ọ̀kan wò láti ipele dé ipele kó tó jáde. Ìlànà yẹn mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ó falẹ̀ débi pé àyọkà tó jáde kò tó nǹkan, ni wọ́n bá yà sí ọ̀nà wiki, èyí tí Ward Cunningham ti fi lélẹ̀ ní ọdún 1995, níbi tí ẹni tó ń ka ojúewé kan ti lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Láti ọdún 2003 ni àjọ Wikimedia Foundation ti ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà tó gbé e ró, ọ̀rọ̀ òfin, àti owó tí àwọn ènìyàn ń dá fún un; kò sí ìpolówó ọjà lórí rẹ̀. Àjọ náà kì í bá wa kọ àyọkà. Àwa tí a yọ̀ǹda àkókò wa la ń kọ ọ́, ní èdè tó ju 300 lọ.

Àwọn kókó wo ni ẹ nífẹ̀ẹ́ sí, kí ló sì dé tó jẹ́ àwọn yẹn?

Ojú ọ̀run ni tèmi: àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, àwọn òṣùpá wọn, àwọn ìràwọ̀ onírù, àti àwọn ènìyàn tó fi ayé wọn ṣe ìwádìí nípa wọn. N kò gba oyè kankan nínú ìmọ̀ náà. Ìwé kíkà àti wíwo òkè lálẹ́ ló kó mi wọ̀ ọ́. Ohun tó mú kí kókó yìí bá iṣẹ́ ìwé ìmọ̀ mu ni pé kì í dúró sójú kan. Ẹ wo Sátúrnù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n kéde òṣùpá tuntun 20 fún un, gbogbo rẹ̀ di 82, ó sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá Júpítà tó ní 79 nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Júpítà gba ipò náà padà pẹ̀lú òṣùpá 92, ṣùgbọ́n kí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn tó parí, ti Sátúrnù ti lé ní 140. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n fi 128 kún un lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 274.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí yóò rò pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yẹ kí a pààrọ̀. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú àyọkà Sátúrnù, ó wà nínú àpótí ìsọfúnni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wà nínú àyọkà nípa àwọn òṣùpá ní gbogbogbòò, ó sì lúgọ sínú gbólóhùn kan ní ìsàlẹ̀ àyọkà Júpítà tó ń sọ pé Júpítà ni òṣùpá rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ẹnìkan bá tún ti àkọ́kọ́ ṣe tó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀, òǹkàwé yóò bá ìdáhùn mẹ́ta pàdé sí ìbéèrè kan náà. Wíwá gbogbo ibi tí iye àtijọ́ sápamọ́ sí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń dúpẹ́ rẹ̀. Wikidata, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ti mú kí díẹ̀ nínú rẹ̀ rọrùn, nítorí pé a lè fi irú iye bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ojú kan kí àwọn àyọkà ní oríṣiríṣi èdè máa fà á jáde láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú gbólóhùn, ọwọ́ ènìyàn náà ni yóò tún un ṣe.

Kókó kejì tí mo máa ń padà sí ni àwọn obìnrin tó ṣiṣẹ́ nínú ìmọ̀ yìí. Henrietta Leavitt ló rí i pé àwọn ìràwọ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò ní àkókò tó bá bí ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe tó gan-an mu, èyí tó di ọ̀nà tí a fi ń wọn bí wọ́n ṣe jìnnà tó. Cecilia Payne fi hàn ní ọdún 1925, nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, pé afẹ́fẹ́ hydrogen ló pọ̀ jù lára ìràwọ̀. Jocelyn Bell Burnell ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó ṣàkíyèsí àmì ìràwọ̀ pulsar (ìràwọ̀ tí àmì rédíò rẹ̀ ń dé léraléra ní ìwọ̀n àkókò kan náà) àkọ́kọ́ ní ọdún 1967, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1974 tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde lọ sọ́wọ́ olùkọ́ tó ń darí rẹ̀, Antony Hewish, pẹ̀lú Martin Ryle. Ohun tí mo máa ń ṣe sí irú àyọkà bẹ́ẹ̀ ni pé mo máa ń gbé ohun tí obìnrin náà ṣàwárí sí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ẹ àti ìṣòro tó kojú ló gba ìpínrọ̀ méjì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì rí ju ìlà kan gbà. Lójú tèmi, àìbọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ni, ì báà jẹ́ pé inú rere ni wọ́n fi kọ ọ́.

Irú iṣẹ́ wo gan-an ni ẹ ń ṣe lójoojúmọ́?

Àyọkà tuntun kò pọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe kéékèèké ló pọ̀: ọjọ́ tí kò bára mu, orúkọ tí wọ́n kọ ní ọ̀nà méjì nínú àyọkà kan ṣoṣo, ìtọ́kasí tí kò débì kankan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ọ̀kan. Gbólóhùn kan sọ bí òṣùpá kan ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó yẹ kó mú òǹkàwé lọ síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo tẹ nọ́ńbà náà, ojúewé tó tọ́ka sí ti kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbé àdírẹ́sì rẹ̀ lọ sí Wayback Machine ti Internet Archive, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojúewé àtijọ́, mo sì yan ẹ̀dà tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọjọ́ tí olóòtú àkọ́kọ́ sọ pé òun kà á. Mo ka ẹ̀dà náà tán. Bó bá sọ ohun tí gbólóhùn náà sọ, mo fi ìjápọ̀ rẹ̀ kún ìtọ́kasí náà, ó parí. Bí iye tó wà níbẹ̀ bá yàtọ̀, ìyẹn ni pé ẹnìkan ti yí nọ́ńbà padà láì pààrọ̀ orísun, mo wọ inú ìtàn ojúewé náà, màá sì máa fi ẹ̀dà kan wé èkejì títí màá fi rí ọjọ́ tí ìyípadà náà ṣẹlẹ̀ àti àlàyé tí ẹni tó ṣe é kọ sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ìwọ̀n tuntun tó péye jù ló mú un wá, orísun rẹ̀ nìkan ni kò fi síbẹ̀. Màá wá orísun náà, màá sì fi síbẹ̀ bá a. Nígbà mìíràn, àwàdà lásán ni. Èyí ó wù kó jẹ́, mo máa ń kọ ohun tí mo ṣe àti ìdí rẹ̀ sínú àpótí àkékúrú àtúnṣe kí n tó tẹ bọ́tìnì ìpamọ́, nítorí pé ẹni tó bá dé lẹ́yìn mi kò mọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo lè kọ́ ẹnikẹ́ni nípa iṣẹ́ yìí kò kọjá bẹ́ẹ̀: kí ẹni tí kò mọ̀ yín rí, tí kò sì ní ìdí kankan láti gbà yín gbọ́, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ohun tí ẹ kọ wò.

Ṣé dandan ni kí ènìyàn jẹ́ onímọ̀ nínú ohun tó ń kọ?

Rárá. Kódà, onímọ̀ náà wà lábẹ́ òfin kan náà pẹ̀lú wa. Wikipedia kì í gba ìwádìí tuntun. Ohun tí a ti tẹ̀ jáde níbi tó ṣeé gbọ́kàn lé nìkan ló ń gbà. Bí ẹni tó ṣàwárí òṣùpá kan bá wá kọ ọ́ síbẹ̀ láì tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, a óò yọ ọ́ kúrò, kì í ṣe nítorí pé a rò pé irọ́ ló pa, bí kò ṣe nítorí pé kò sí bí òǹkàwé ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin yìí máa ń bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nínú, mo sì mọ̀ ọ́n lára fún wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí ẹni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í lo orúkọ àbísọ wọn rárá, n kò rí ọ̀nà mìíràn tí ìbá gbé e ró.

Ìmọ̀ ṣì wúlò gan-an, ẹ má ṣì mí gbọ́. Onímọ̀ ló máa ń mọ orísun tó dára yàtọ̀ sí èyí tó kàn pariwo.

Kí ló dé tí wọ́n pa àyọkà tí mo kọ rẹ́?

Ìbéèrè yìí ló máa ń wá pẹ̀lú ìbínú jù. Ìdí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé ẹ da ọ̀rọ̀ inú ìwé tàbí ìkànnì ẹlòmíràn kọ bó ṣe wà; ẹ̀tọ́ aládàákọ kò gbà á, a sì máa ń yára yọ irú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dún bí ìpolówó. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kò sí orísun tó fi hàn pé àwọn ẹlòmíràn, tí kò ní àǹfààní kankan nínú rẹ̀, ti kọ̀wé tó jinlẹ̀ nípa kókó náà. Ìkànnì ẹni náà fúnra rẹ̀ kò tó ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ti ń yin ara rẹ̀.

Òdiwọ̀n yìí kò pé, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ẹnìkan kọ àyọkà nípa Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì, sí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì gbà á wọlé nítorí pé àwọn orísun tó wà nínú rẹ̀ kò fi hàn pé ó lókìkí tó. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì, obìnrin kẹta tí yóò gbà á. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá orúkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ohunkóhun. Àwọn kan dá ẹni tí kò gba àyọkà náà wọlé lẹ́bi. Èmi rò pé ó tẹ̀ lé òfin bó ṣe wà, pé ohun tó yẹ kó dùn wá ni pé àwọn ìwé ìròyìn àti ìwé ìtàn kò kọ nǹkan nípa irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀bùn tó dé. Ibi tí wọn kò bá ti kọ̀wé, àwa kò lè tọ́ka sí i. Síbẹ̀, ẹni tó ń yẹ àyọkà wò lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ wá orísun fúnra rẹ̀ kó tó sọ pé kò sí, ohun tí mo sì máa ń rọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà láti ṣe nìyẹn.

Bí wọ́n bá ti pa tiyín rẹ́, ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ alámòójútó tó ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó dá a padà sí ojúewé ìdánwò yín kí ẹ lè tún un ṣe.

Ṣé mo lè kọ nípa ara mi, tàbí nípa ilé iṣẹ́ mi?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bí ẹnìkan bá ń sanwó fún yín láti kọ ọ́, àdéhùn ìlò ìkànnì náà ti pa á láṣẹ láti ọdún 2014 pé kí ẹ sọ ẹni tó ń sanwó náà ní gbangba. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nípa ara yín, ẹ gbé e lọ sí ojúewé ọ̀rọ̀ àyọkà náà, níbi tí àwọn olóòtú ti ń jíròrò nípa rẹ̀, pẹ̀lú orísun, kí ẹlòmíràn bá yín tún un ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá lè tún un ṣe, kí ló ń dá irọ́ dúró?

Nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Gbogbo àtúnṣe ló wà nínú ìtàn ojúewé, ènìyàn sì lè fi ìtẹ̀ kan dá ojúewé padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ọ̀tì kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́, tó ń jẹ́ ClueBot NG máa ń mú èébú àti ìbàjẹ́ tó hàn gbangba kúrò kí ènìyàn tó rí i. Olóòtú kọ̀ọ̀kan tún ní àkójọ àwọn ojúewé tó ń ṣọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú tèmi, màá rí i nígbà tí mo bá wọlé. Àwọn ojúewé tí ìjà pọ̀ lórí wọn, wọ́n máa ń tì wọ́n mọ́ àwọn tí àkáǹtì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Irọ́ tó léwu ni èyí tó jọ òótọ́, tó wà ní ojúewé tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ní ọdún 2005, ẹnìkan kọ ọ́ sínú àyọkà nípa John Seigenthaler, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, pé wọ́n fura sí i nínú ikú John Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, àti ti àbúrò rẹ̀ Robert. Irọ́ pátápátá ni, ó sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó yọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fòfin dè é lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tí kò bá ní àkáǹtì kò lè dá àyọkà tuntun sílẹ̀ mọ́, òfin nípa àwọn ènìyàn tó ṣì wà láàyè sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ burúkú tí kò bá ní orísun nípa alààyè, kíá ni a ń yọ ọ́, a kì í dúró dé àríyànjiyàn.

Kí ni ẹ máa ń ṣe bí ẹ̀yin àti olóòtú mìíràn kò bá gbà fún ara yín?

A máa ń lọ sí ojúewé ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá yí àtúnṣe àwọn ẹlòmíràn padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lórí ojúewé kan láàárín wákàtí 24, lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè dí i lọ́nà fún ìgbà díẹ̀, ì báà jẹ́ pé òun ló jàre.

Plútò ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ dìbò, wọ́n sì fi Plútò sí ẹgbẹ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì aràrá. Àwọn onímọ̀ kan kò fara mọ́ ọn títí di òní. Àìṣègbè tí òfin wa ń béèrè kò túmọ̀ sí pé kí a fi ẹgbẹ́ méjèèjì sí ìwọ̀n kan náà bíi pé wọn kò yàtọ̀. Ó túmọ̀ sí pé kí a sọ ìpinnu àjọ náà gẹ́gẹ́ bí ìpinnu rẹ̀, kí a sọ àtakò náà gẹ́gẹ́ bí àtakò àwọn tó ṣe é, kí a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tó bá bí àwọn orísun ṣe gbé e mu. Èrò tèmi nípa Plútò kò sí nínú àyọkà náà, kò sì yẹ kó sí níbẹ̀.

Iye àtúnṣe tí ẹ ti ṣe ńkọ́?

Ó wà ní gbangba lórí ojúewé mi, ṣùgbọ́n n kì í fi í ṣe ìwọ̀n. Steven Pruitt, ará Amẹ́ríkà tí àtúnṣe rẹ̀ lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta, ni ìwé ìròyìn Time kà mọ́ àwọn ènìyàn 25 tó ní ipa jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2017. Ìfẹ́ tó ní sí eré opera ló ti mú orúkọ tó ń lò níbẹ̀, àyọkà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ nípa baba ńlá rẹ̀ kan, Peter Francisco. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé ó fi hàn pé ohun tó wu ènìyàn gan-an ló ń gbé e dúró pẹ́. Ẹni tó bá ń lé iye máa ń yí àmì ìdánudúró padà káàkiri. Àtúnṣe kan tó gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti wá orísun rẹ̀ lè ju ọgọ́rùn-ún irú àtúnṣe àmì bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn kì í sì í sanwó fún wa, níwọ̀n bí wọ́n ti máa ń béèrè ìyẹn náà.

Ṣé mo lè fi àwòrán sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni, nípasẹ̀ Wikimedia Commons, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004. Àwòrán tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yà ló rọrùn jù, bí ẹ bá gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó, títí kan ẹni tó fẹ́ fi ṣòwò. Àwòrán tí ẹ rí nípasẹ̀ Google kì í ṣe tiyín nítorí pé ẹ rí i. Ojú ọ̀run ṣojúure sí mi ní ti èyí, torí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwòrán tí NASA fúnra rẹ̀ yà ni kò ní ẹ̀tọ́ aládàákọ.

Ṣé ó pọn dandan kí n kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Rárá o. Wikipedia Yorùbá wà ní yo.wikipedia.org, ó sì ní àwọn alámòójútó tirẹ̀. Ẹ lè túmọ̀ àyọkà láti èdè mìíràn, kìkì pé kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti mú un nínú àkékúrú àtúnṣe, nítorí pé àṣẹ Creative Commons tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà béèrè pé kí a dárúkọ àwọn tó kọ ọ́. Ẹ ka àwọn orísun náà fúnra yín kí ẹ tó gbé wọn wá. Àṣìṣe tó wà nínú ti èdè kan máa ń rìnrìn àjò lọ sí ogún èdè lọ́nà yìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ wá gbé e síbẹ̀ bó ṣe wà. Mo lè mọ irú àyọkà bẹ́ẹ̀ láti gbólóhùn kejì, àmì ohùn rẹ̀ kò sì ní bára mu.

Ẹ̀rọ tó ń dá ọ̀rọ̀ kọ ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹ̀dá ìtọ́kasí tí kò sí níbì kankan: orúkọ òǹkọ̀wé tó wà, orúkọ ìwé tí kò kọ, nọ́ńbà ojúewé tó péye. Ìyẹn ló burú jù fún ibi tó jẹ́ pé orísun ni gbogbo ìgbàgbọ́ rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá lò ó láti wá èrò, ẹ ṣí gbogbo ìwé tó dárúkọ fún yín kí ẹ tó kọ ìlà kan.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ dá àkáǹtì sílẹ̀. Ẹ wá àyọkà kúkúrú kan nípa ohun tí ẹ mọ̀ dáadáa, kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń jà lé lórí. Ẹ wá gbólóhùn tí wọ́n ti fi àmì sí pé ó nílò ìtọ́kasí, ẹ wá ìwé tó jẹ́rìí sí i, ẹ fi síbẹ̀. Bí ìwé náà bá sọ ohun tó yàtọ̀, ẹ tún gbólóhùn náà ṣe kó bá ìwé mu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ojúewé náà kún èyí tí ẹ ń ṣọ́.

Mo rí nǹkan tó kù díẹ̀ káàtó nínú àyọkà kan tí ẹ tún ṣe. Báwo ni mo ṣe lè bá yín sọ̀rọ̀?

Ẹ kọ ọ́ sí ojúewé ọ̀rọ̀ àyọkà náà, ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ìdáhùn náà yóò sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá tún béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní orísun lọ́wọ́, ẹ kò nílò àṣẹ mi. Ẹ tún un ṣe.